Ìfẹ́ sí Ọlọ́run, ìfẹ́ sí ọmọnìkejì: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá àti ìdáhùn

A kó àwọn ìbéèrè tó ń padà wá léraléra jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bíbélì yín wà nítòsí bí ẹ ṣe ń kà á.

Kí gan-an ni Jésù pè ní òfin tó tóbi jù?

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, akọ̀wé kan bi í pé èwo ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo òfin (Máàkù 12:28-34; Mátíù 22:34-40). Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ òfin máa ń jiyàn lé lórí ni. Àṣà àwọn rábì ka òfin inú ìwé Mósè sí 613. Jésù ò dá tuntun sílẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú Diutarónómì 6:4-5, pé kí èèyàn fi gbogbo ọkàn àti gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ Olúwa. Ó mú èkejì nínú Léfítíkù 19:18, pé kí ó fẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ bí ara rẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n béèrè, méjì ló fún wọn, ó sì ní kò sí òfin mìíràn tó tóbi ju méjèèjì lọ.

Akọ̀wé náà gbà, ó ní èyí ju gbogbo ẹbọ sísun lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹ́ńpìlì, níbi tí wọ́n ti ń rúbọ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa fẹ́ Ọlọ́run tí mi ò rí?

Ẹsẹ tó tẹ̀ lé òfin náà ló dáhùn (Diutarónómì 6:6-9): kí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ wà lọ́kàn yín, kí ẹ máa fi kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá jókòó nílé, tí ẹ bá ń rìn lọ́nà, tí ẹ bá ń sùn, tí ẹ bá ń jí. Àárín iṣẹ́ òòjọ́ ló fi í sí. Jésù náà ní ẹni tó bá fẹ́ òun yóò pa òfin òun mọ́ (Jòhánù 14:15).

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè mú ìwé Máàkù. Orí 16 ni. Orí kan lóòjọ́, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì lọ. Ní ti àdúrà ìdílé, gígùn ló sábà máa ń bà á jẹ́. Bàbá á máa wàásù, àwọn ọmọ á máa tòògbé, ọkọ̀ ilé ìwé á sì ti máa fun fèrè níta. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó: ẹsẹ orin kan tàbí méjì, ẹsẹ Bíbélì bíi mẹ́wàá, kí ọmọ kan sọ ohun tó gbọ́, àdúrà kúkúrú, ó parí. Èyí tó kúrú tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ sàn ju onígun wákàtí kan tí ẹ máa pa tì lọ́sẹ̀ kejì lọ.

Ta ni ọmọnìkejì mi?

Amòfin kan ló bi Jésù bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí ojúṣe òun pin sí (Lúùkù 10:25-37). Jésù fi ìtàn ọ̀nà Jerúsálẹ́mù sí Jẹ́ríkò dá a lóhùn. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 27, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní bíi 1,000 mítà láàárín àpáta tí olè lè fara pamọ́ sí. Àlùfáà inú ìtàn náà ń sọ̀ kalẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ó ti kẹ́yìn sí tẹ́ńpìlì. Kò lè sọ pé ìsìn ló ń kán òun lójú. Ó kọjá. Ọmọ Léfì náà kọjá. Ará Samáríà, tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, ló dúró.

Ẹ má sáré ka ohun tó ṣe. Ó súnmọ́ ọkùnrin náà, ó da òróró àti wáìnì sí ọgbẹ́ rẹ̀, ó dì í, ó gbé e sórí ẹran tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn, ó gbé e dé ilé èrò, ó sì tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó kó dínárì méjì fún onílé èrò. Owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan ni dínárì kan (Mátíù 20:2), nítorí náà owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló fi sílẹ̀. Ó ní tí ìnáwó bá lé, òun á san án tí òun bá ń padà bọ̀.

Ibi tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé ni pé ará Samáríà náà bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Kò kó lọ sí ilé èrò, kò ta ẹran rẹ̀. Ó ṣe èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìyókù lé ẹni tó mọṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó sì sanwó fún un. Ẹni tó rò pé ìfẹ́ ni kí òun gbé ìṣòro gbogbo àdúgbò rù títí òun náà á fi dùbúlẹ̀ àìsàn, kò tíì ka ìtàn náà dópin.

Mo bá ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú títì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ara yín: ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lójú títì, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ gbé onígun mẹ́ta pupa náà sẹ́yìn lókèèrè. Ẹ pe 122, nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà, tàbí 112. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bí iná tàbí ewu mìíràn kò bá sí, ẹ má fà á jáde nínú ọkọ̀ ní ìfàkúfà, torí bí ọrùn tàbí eegun ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, wíwọ́ lè sọ ọ́ di arọ. Ẹ má fún un lómi mu.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀. Bí ọgbẹ́ ìbọn bá ni, òfin 2017 ní kí wọ́n tọ́jú ẹni náà, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kó má sí. Ẹ lè dárúkọ òfin méjèèjì níwájú ẹni tó bá ń bi yín pé níbo ni ìwé ọlọ́pàá wà. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbá a sílẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà fóònù tiyín náà sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tó sì dúró, àmọ́ tó jẹ́ pé fídíò ló ń ká, àlùfáà inú ìtàn yẹn ni, ó kàn ní kámẹ́rà lọ́wọ́ ni.

Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Ṣé ìyẹn ò tó láti fi hàn pé mo fẹ́ Ọlọ́run?

Ìpéjọpọ̀ dára, Hébérù 10:25 ní ká má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run sọ nínú Ámósì 5:21-24 pé òun kórìíra àjọ̀dún wọn, kí wọ́n gbé ariwo orin wọn kúrò létí òun, kí òdodo máa ṣàn bí odò. Ààwẹ̀ tí Ó yàn nínú Àìsáyà 58 ni ká tú ẹni tí à ń ni lára sílẹ̀, ká bu oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa, ká fi aṣọ bo ẹni tó wà níhòòhò.

Àpẹẹrẹ kan tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ìsọ́ òru tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kọjú sí ojúlé tí abiyamọ, aláìsàn àti ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀ ti ń gbìyànjú láti sùn. Ẹ pa gbogbo gbohùngbohùn orí òrùlé láti aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ fi àpótí kékeré sínú gbọ̀ngàn, ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí ilé ẹlòmíràn, ẹ sì rán ẹnì kan jáde lọ dúró nídìí ilé kẹta kó gbọ́ bó ṣe ń lọ. Àwọn wòlíì Báálì ni Èlíjà ní kí wọ́n pariwo sókè sí i, bóyá òrìṣà wọn ń sùn (1 Ọba 18:27).

Ìfẹ́ Ọlọ́run tó gbóná lọ́kàn mi nígbà kan ti tutù. Kí ni kí n ṣe?

Irú rẹ̀ ṣe ìjọ Éfésù. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní sùúrù, wọ́n ń dá àwọn èké àpósítélì mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ti fi ìfẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni Jésù ní kí wọ́n ṣe (Ìfihàn 2:4-5): kí wọ́n rántí ibi tí wọ́n ti ṣubú, kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Kò ní kí wọ́n máa wá bí ara ṣe ń gbóná kiri. Ẹ kọ nǹkan méjì tí ẹ máa ń ṣe nígbà yẹn sílẹ̀, bí àbẹ̀wò sí aláìsàn tàbí àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ padà sídìí ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ yẹ ara yín náà wò. Èlíjà tó ní òun fẹ́ kú lábẹ́ igi, oúnjẹ àti oorun ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kí Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè (1 Ọba 19). Bí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ kò wọlé tí oorun kò sì wá, ẹ lọ rí dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Mi ò fẹ́ràn ẹnì kan. Ṣé àgàbàgebè kọ́ ni kí n máa ṣe dáadáa sí i?

Rárá. Ẹ́kísódù 23:4-5 ní tí ẹ bá rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀tá yín tó ṣìnà, kí ẹ dá a padà fún un. Tí ẹrù bá wó o mọ́lẹ̀, kí ẹ bá a gbé e dìde. Òfin náà ò béèrè bóyá inú yín dùn sí olówó ẹran. Àgàbàgebè ni kí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí i lójú, kí ẹ máa gbẹ́ kòtò fún un lẹ́yìn. Ọkàn sì sábà máa ń tẹ̀ lé ọwọ́, tí ọwọ́ bá ti ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní "bí ara rẹ". Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ láti fẹ́ràn ara mi ni?

Òfin méjì ni Jésù kà, kò ka ẹ̀kẹta. Ó gbà pé èèyàn ti ń tọ́jú ara rẹ̀: tí ebi bá pa yín ẹ ń jẹun, tí òjò bá dé ẹ ń sá síbi ààbò. Éfésù 5:29 sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Irú ìtọ́jú yẹn ni kí ẹ fi dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní òun ṣì ń fẹ́ràn ara òun lọ́wọ́, pé tó bá yá òun á kan ọmọnìkejì, ó lè máà dé ibẹ̀ láéláé.

Èló ni kí n máa yà sọ́tọ̀ fún aláìní?

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kówó jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, ó ní kí kálukú yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀ bí ó bá ṣe rí i (1 Kọ́ríńtì 16:2), pé ohun tí èèyàn ní ni a ó fi díwọ̀n, kì í ṣe ohun tí kò ní (2 Kọ́ríńtì 8:12). Ọjọ́ tí owó wọlé ni kí ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tí ẹ bá ń dúró kó ṣẹ́ kù ní òpin oṣù kì í ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń gba ₦80,000 lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦2,000 nínú àpòòwé kan tí kò sí ẹni tó ń yọ nínú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé tàbí oògùn ni wọ́n ń béèrè, ẹ san án tààrà fún ilé ìwé tàbí ilé oògùn. Ìyẹn ló ń yọ ẹlẹ́tàn kúrò láìsí ìbínú. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni 2 Tẹsalóníkà 3:10 ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì ya fọ́tò ìyá àgbà tó ń gba ìrẹsì díẹ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ wá gbé e sórí Facebook. Mátíù 6:2-4 ti sọ pé ẹni tó ń fun fèrè níwájú ara rẹ̀ ti gba èrè tirẹ̀ tán.

Báwo ni ìjọ ṣe lè pín ìrànwọ́ láìdá ìjà sílẹ̀?

Ìjà ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Nínú Ìṣe 6, àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fò dá nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́. Àwọn àpósítélì ò ní kí àwọn tó ń ráhùn dákẹ́. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, orúkọ àwọn méjèèje ló sì jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Lédè kan, ẹgbẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ ni wọ́n gbé ìṣúra lé lọ́wọ́. Ìjọ tí àwọn ará Ègùn tàbí Ìgbìrà díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí kò sí ọ̀kan wọn nínú ìgbìmọ̀ ìrànwọ́, kó tún ibẹ̀ kà.

Ẹ ní ìwé orúkọ, kí ẹ sì máa tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Pọ́ọ̀lù pàápàá fi ọdún 60 àti àìní ẹbí tó lè gbọ́ bùkátà díwọ̀n fún opó tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ (1 Tímótì 5:3-16). Kí èèyàn méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà máa ka owó. Kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ sétí ìjọ, iye tó wọlé àti iye tó jáde, láìdárúkọ ẹni tó gbà á.

Ará ìjọ fẹ́ yáwó lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè ní kó tọwọ́ bọ̀wé?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ. Ìwé ló ń dáàbò bo ọ̀rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pinnu nínú yín bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ẹ̀yáwó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yáwó, ẹ kọ iye owó, ọjọ́ tí ẹ fún un, iye tí yóò máa san àti ọjọ́ tí yóò máa san án. Kí ẹ̀yin méjèèjì àti ẹlẹ́rìí kan tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Ẹ fi báńkì rán an kí àkọsílẹ̀ wà. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní iye tó máa dá ilé yín rú tí kò bá padà.

Mósè fi ààlà sí ẹni tó ń yáni lówó náà. Kò gbọdọ̀ gba èlé lórí tálákà. Bí ó bá gba aṣọ ìbora ẹni tó yá lówó ṣe ìdúró, kó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀ torí òun ni yóò fi sùn (Ẹ́kísódù 22:25-27). Kò sì gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀ lọ mú nǹkan. Ìta ni kó dúró sí (Diutarónómì 24:10-11). Ẹ wo àwọn ilé iṣẹ́ orí fóònù tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, kí ẹ wá fi wé òfin yẹn.

Ní ti ṣíṣe oníǹduúró nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Òwe 6:1-5 kìlọ̀ gidigidi. Iye tí owó tiyín nínú ẹgbẹ́ lè san ni kí ẹ tọwọ́ bọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó ọwọ́ mi ò tó fún ìdámẹ́wàá àti oògùn ìyá mi. Èwo ni kó ṣíwájú?

Oògùn ìyá yín. Nínú Máàkù 7:9-13, àwọn kan ń pe nǹkan tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú òbí wọn ní Kọ́bánì, pé ó ti di ti Ọlọ́run, òbí ò lè rí i gbà mọ́. Jésù ní wọ́n fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. 1 Tímótì 5:8 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́. Ìdámẹ́wàá ọdún kẹta-kẹta nínú Diutarónómì 14:28-29 fúnra rẹ̀, fún ọmọ Léfì, àjèjì, ọmọ òrukàn àti opó ni, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n yó.

A mọ̀ pé àwọn ìjọ kan ò ní gbà fún wa. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí owó mìíràn tó wọlé. Ìfúnpá á gòkè padà, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ ra oògùn. Ẹ sọ fún olùṣọ́ àgùntàn yín bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ohun tí a ò ní gbà ni kí ẹni tó ń ra aṣọ ẹbí mẹ́ta lóṣù máa fi ìyá rẹ̀ bojú.

Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ wà lára "ọmọnìkejì"?

Òun gan-an ló súnmọ́ yín jù. Ẹ bi ara yín: ibo ló ń sùn? Ṣé oúnjẹ tí ẹ jẹ lòun náà ń jẹ, àbí èyí tó kanra nísàlẹ̀ ìkòkò? Aago mélòó ló ń jí, aago mélòó ló ń sùn? Ta ló ń gba owó rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ alágbàtà, ṣé ẹ̀rí wà pé owó náà ń dé ọwọ́ òbí rẹ̀? Diutarónómì 24:14-15 ní kí ẹ san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, nítorí òun ló gbójú lé.

Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé, ilé ìwé ló yẹ kó wà láàárọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún ọmọ, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ìdílé tó ń pe ọmọ náà jókòó sí àdúrà àárọ̀, tí wọ́n wá ń fi ìgbátí jí i, ó ti tú ohun tí wọ́n kọ́ ọ ká.

Ẹni tó ṣẹ̀ mí, ìjọ kan náà la wà. Báwo ni kí n ṣe é?

Mátíù 18:15-17 to ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ bá a, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnì kan tàbí méjì lọ. Bí kò bá gbọ́ tiwọn, ẹ sọ fún ìjọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ìgbésẹ̀ kẹta làwọn èèyàn ń fi bẹ̀rẹ̀: ìyá Ẹgbẹ́ Ìyá á ti gbọ́, akọrin á ti gbọ́, ó ti dé orí WhatsApp ìjọ kí ẹni tó ṣẹ̀ tó mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ dákẹ́ kó fèsì. Ẹ yàgò fún "gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe báyìí". Bí ó bá ju yín lọ lọ́jọ́ orí, kò burú kí ẹ kọ́kọ́ rán àgbà kan lọ gba àyè fún yín, ṣùgbọ́n kí àgbà náà má bá yín sọ ẹjọ́ ọ̀hún. Ẹ rántí pé ẹsẹ tó ṣíwájú "fẹ́ ọmọnìkejì rẹ", Léfítíkù 19:17, ní kí ẹ bá a wí láìfi bò dípò kí ẹ máa kórìíra rẹ̀ nínú.

Ṣé ìdáríjì ni pé kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń lù mí?

Rárá o. Nínú Mátíù 18:23-35, wọ́n fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tálẹ́ńtì ji ìránṣẹ́ kan, òun wá fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì lọ́rùn. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bíi 6,000 dínárì, nítorí náà gbèsè tí wọ́n fi jì í kì í ṣe ohun tí ó lè san láyé. Ìdáríjì ni pé ẹ fi gbèsè sílẹ̀, ẹ ò gbẹ̀san. Ìfọkàntán tún jẹ́ nǹkan mìíràn; ìwà ẹni náà ló ń dá a padà, ó sì ń gba àkókò. Dáfídì dá ẹ̀mí Sọ́ọ̀lù sí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èkejì, Sọ́ọ̀lù ní kó padà wá. Dáfídì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ (1 Samúẹ́lì 26:21-25).

Bí wọ́n bá ń lù yín nílé, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ti kó ìwé ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, oògùn àti owó díẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ ọgbẹ́ náà sílẹ̀ kó tó jiná. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé láti 2007, ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 2015. Kóòtù lè pàṣẹ pé kí ẹni náà má súnmọ́ yín. Pásítọ̀ tó ní kí obìnrin padà wọlé lọ máa gba ìgbájú kó sì máa gbàdúrà, ìmọ̀ràn ara rẹ̀ ló ń dá.

Aládùúgbò mi gbé ẹran Iléyá wá. Ṣé kí n jẹ ẹ́?

Ní 1 Kọ́ríńtì 10:25-31, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà láìbéèrè, kí wọ́n jẹ ohun tí aláìgbàgbọ́ bá gbé kalẹ̀ fún wọn. Bí ẹnì kan bá sọ pé ẹbọ ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ ọ́. Àwọn kan gbà pé ẹran Iléyá bọ́ sí abala kejì, àwọn mìíràn ní oúnjẹ àlejò ni. Róòmù 14 ní kí ẹni tó ń jẹ má kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má dá ẹni tó ń jẹ lẹ́jọ́. Àwa ò ní fi èyí pín agbo ilé tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ Alhaji tí àbúrò jẹ́ Díákónì.

Bí ẹ ò bá ní jẹ ẹ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kí wọn kú ọdún, ẹ gba ohun mímu. Ẹ má gba ẹran tẹ̀ríntẹ̀rín kí wọ́n wá bá a lórí ààtàn lọ́jọ́ kejì. Tó bá di Kérésìmesì, tí ẹ fẹ́ gbé oúnjẹ fún wọn, kó má sí ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ Mùsùlùmí kan kó bá yín dú adìyẹ náà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ṣé mo lè gbàdúrà kí ọ̀tá mi kú?

Àdúrà tó le wà nínú Sáàmù: 35, 58, 69, 109. Wọ́n ti ń kà wọ́n nílẹ̀ wa tipẹ́, pẹ̀lú omi àti àbẹ́là. A ò ní ṣe bí ẹni pé wọn ò sí. Ẹ wo ohun tí Dáfídì ń ṣe nínú wọn: ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú Ọlọ́run, ó sì fi idà rẹ̀ sínú àkọ̀. Róòmù 12:19 gba ọ̀nà yẹn, ó ní ti Olúwa ni ẹ̀san. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná sọ̀ kalẹ̀ sórí ìletò àwọn ará Samáríà kan, Jésù bá wọn wí (Lúùkù 9:51-56). Ó ní ká súre fún ẹni tó ń gégùn-ún fún wa, ká gbàdúrà fún ẹni tó ń lò wá nílòkulò (Lúùkù 6:27-28).

Nítorí náà, ẹ lè gbàdúrà kí ète ibi já sí asán, kí òtítọ́ hàn ní kóòtù, kí Ọlọ́run dáàbò bo ilé yín. Àdúrà "kú, kú, kú" lé orúkọ èèyàn kan lórí, a ò rí i lẹ́nu Jésù, títí dé orí àgbélébùú.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò kéré. Lọ́pọ̀ ìgbà, "ọ̀tá" náà kì í ṣe ẹni tó ṣe yín ní ohun tí ẹ lè tọ́ka sí. Ìyá ọkọ ni, tàbí obìnrin àgbà tó ń dá gbé lójúlé kejì, tí ẹnì kan ríran sí pé àjẹ́ ni. Abala 210 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pe èèyàn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Ìran tó bá gbé yín dojú kọ arúgbó tí kò ní alágbàwí, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ ikú mọ́ yín lóòótọ́, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Nígbà tí ọkùnrin tó lé ní 40 búra pé àwọn ò ní jẹ àwọn ò ní mu títí àwọn á fi pa Pọ́ọ̀lù, ó ní kí wọ́n mú ọmọ arábìnrin rẹ̀ lọ sọ fún ọ̀gágun. 200 ọmọ ogun, 70 ẹlẹ́ṣin àti 200 ọlọ́kọ̀ ló sin ín jáde ní ìlú lóru ọjọ́ náà (Ìṣe 23:12-24).